Báwo ni a ṣe lè díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí Barry Marshall lórí ọgbẹ́ inú?

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní kí oníkálukú wa mú onímọ̀ ìṣègùn kan tó ṣiṣẹ́ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú àti bí ara ṣe ń lò ó, kí a sì yẹ gbogbo ohun tó ti tẹ̀ jáde wò. Barry Marshall ti ìlú Perth ní Ọsirélíà ni mo mú, nítorí òun àti Robin Warren ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 2005 lórí Helicobacter pylori, bakitéríà inú àpòlúkù tó ń fa ọgbẹ́ inú. Nǹkan méjì ló rú mi lójú. Gbogbo àpilẹ̀kọ tí mo fi orúkọ bakitéríà yìí wá kò ṣáájú ọdún 1989, bẹ́ẹ̀ ọdún 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i hù ní yàrá àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà ni ohun tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, òun fúnra rẹ̀ nìkan ló sì fi dánwò nínú èyí tí aráyé mọ̀ jù. Ṣé a lè gbé irú èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpilẹ̀kọ?

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé:
Àbúrò, orúkọ ló dà ọ́ láàmú. Nínú lẹ́tà méjì tí Warren àti Marshall kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ papọ̀ ní 1983, bakitéríà tó tẹ̀ kọdọrọ ni wọ́n kàn pè é. Ó di Campylobacter pyloridis. Nígbà tí wọ́n rí i pé èdè Látìn náà kò tọ́, wọ́n tún un ṣe sí Campylobacter pylori. Ní 1989 ni ó tó di Helicobacter. Fi gbogbo orúkọ wọ̀nyí wá a. Marshall sì pọ̀ láyé, nítorí náà yẹ ìlú àti ilé ìwòsàn wò kí o tó ka iṣẹ́ ẹlòmíì mọ́ tirẹ̀.

Dókítà inú:
Iye àpilẹ̀kọ kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kún èyí tó ṣáájú ni kí ẹ wò. Ní 1984, nínú Lancet kan náà, wọ́n gba ẹran bíńtín lára àpòlúkù ọgọ́rùn-ún aláìsàn tó tẹ̀ léra wá fún àyẹ̀wò, wọ́n rí bakitéríà náà lára 58, ti 11 péré sì ni wọ́n rí hù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tí wọn kò bá a lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé a bá ènìyàn nídìí iná kò fi hàn pé òun ló tiná bọ ilé. Ìdí nìyẹn tí Marshall fi gbé bakitéríà náà mu, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1985. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó di ọgbẹ́ sí i nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpòlúkù rẹ̀ wú, kò di egbò.

Èyí tí èmi yóò fún ní máàkì jù ni ti 1988. Aláìsàn ọgọ́rùn-ún ni; àwọn àti dókítà wọn kò mọ oògùn tí ẹnikẹ́ni ń lò. Lára àwọn tí bakitéríà náà kò kúrò nínú wọn, ọgbẹ́ tó ti jinná padà wá lára ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù méjìlá. Lára àwọn tó kúrò nínú wọn, ìdá 21 péré ni. Èyí ló sọ ọgbẹ́ inú di ohun tí a lè fi oògùn apakòkòrò wò sàn.

Onímọ̀ yàrá àyẹ̀wò:
Mo fara mọ́ ti dókítà, àfi pé Warren ń sá pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín. Òun ló kọ́kọ́ rí bakitéríà náà lábẹ́ maikirosíkóòpù ní 1979, ọdún méjì kí Marshall tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìsinmi Àjíǹde ti 1982 ló sì jẹ́ kí àwo àyẹ̀wò pẹ́ nínú ẹ̀rọ ju bí wọ́n ti máa ń fi sílẹ̀ lọ, tí bakitéríà náà fi rí àyè hù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tún wo iṣẹ́ Marshall lórí àyẹ̀wò èémí. Bakitéríà yìí máa ń sọ yúríà di amóníà àti káábọ̀n-dáyọ́ksáídì, nítorí náà a lè fún aláìsàn ní yúríà tí a sàmì sí lára mu, kí a sì wá àmì náà nínú èémí rẹ̀, láìti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ oúnjẹ:
Ẹ ṣé gan-an. Mo fi Campylobacter wá a, àwọn tó ṣáájú ọdún 1989 sì jáde. Ti 1988 ni n óò fi ṣe àárín iṣẹ́ mi, ti 1985 yóò gba ìpínrọ̀ kan, n óò sì kọ orúkọ Warren sí ojú ìwé àkọ́kọ́.