Ọkọ̀ ojú ọ̀run kékeré tí yóò yọ́ wọ ibùdó ọ̀tá: kí ni mo gbàgbé?

Ọmọ Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nínú èyí tí ènìyàn mẹ́ta yóò fi ọkọ̀ ojú ọ̀run kékeré yọ́ wọ ibùdó tí ọ̀tá kọ́ sórí òṣùpá, kí wọ́n lè gba ẹlẹ́wọ̀n kan jáde níbẹ̀. Mo ti ya ọkọ̀ náà: ó gùn tó bọ́ọ̀sì akérò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ara rẹ̀ sì jẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ onígun kí ràdá má baà mú un. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo rárá. Àbúrò mi kà á, ó ní irọ́ wà níbì kan ṣùgbọ́n òun kò lè tọ́ka sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá mi sí.

Atún-fìríìjì-ṣe, Àjàṣẹ́:
Àbúrò yín gbọ́n. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ariwo kúrò, nítorí níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ohùn kò rí ohun tí yóò gbé e dé etí ẹnikẹ́ni. Ti ara onígun yẹn dára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya bàálù F-117 ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1983. Ooru ni yóò tú àṣírí yín. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé fìríìjì kì í pa ooru, ńṣe ló ń kó o láti inú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ kan irin dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ̀ yín náà gbọ́dọ̀ da ooru tirẹ̀ sí ibì kan, lójú ọ̀run sì rèé, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ó tàn jáde bí ìmọ́lẹ̀. Òfuurufú ibẹ̀ tutù tó ìwọ̀n 270 sí ìsàlẹ̀ òdo, nígbà tí inú ọkọ̀ yóò móoru tó 20, nítorí náà lójú kámẹ́rà tí ń rí ooru, ẹ ó máa tàn bí àtùpà apẹja lórí ọ̀sà lóru. Àwọ̀ dúdú kò lè bo ìyẹn.

Ẹ lè fi omi dídì gba ooru náà mọ́ra fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru bíi 100 wáàtì jáde. Ti ènìyàn mẹ́ta nìkan yóò yọ́ nǹkan bíi kílò 78 omi dídì lóòjọ́, a kò tíì ka kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke, inú àpótí omi dídì yẹn gan-an ni mo rò pé ìtàn yín wà.

Ọmọ Ọdẹ, Ṣábẹ:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Bàbá mi kì í jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ láti ẹ̀yìn òun sí ẹran, nítorí ẹran á ti gbóòórùn ọdẹ kí ó tó rí i. Kí ẹ̀yin náà ṣọ́ apá ibi tí ẹ ó gbà wọlé: ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ó máa ṣú ọ̀tá lójú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, òkúta ojú ọ̀run kan tí ìbú rẹ̀ tó mítà 20 bú gbàmù lókè Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà, kò sì sí ẹni tó rí i ṣáájú, torí pé apá ibi tí oòrùn wà ló gbà wá.

Iná ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Àwọn tí ń gbé epo kpayo (epo bẹntiróòlù fàyàwọ́) gba ọ̀nà igbó a máa pa ẹ́ńjìnnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọ̀kadà máa yí lọ fúnra rẹ̀ (ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀). Ọkọ̀ yín lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ òṣùpá, àmọ́ kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tí yóò dín eré rẹ̀ kù, iná ni yóò fi dúró. Kí ó tan iná ọ̀hún ní òdìkejì òṣùpá, níbi tí ibùdó ọ̀tá kò ti lè rí i, kí ó sì balẹ̀ sí ẹ̀yìn òkè kan. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ òṣùpá tó tẹ́jú kò lè rí ilẹ̀ kọjá nǹkan bíi kìlómítà méjì ààbọ̀, nítorí náà kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Ọmọ Kétu:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti pa ẹ́ńjìnnì aláìpariwo rẹ́, mo sì ti fi ọmọdébìnrin kan ṣọ́ àpótí omi dídì. Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n lè mu omi tó bá yọ́?

Atún-fìríìjì-ṣe, Àjàṣẹ́:
Kí wọ́n mu ún, kí wọ́n má kàn dà á síta ni. Omi tó bá jáde níbẹ̀ a di yìnyín wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀, oòrùn a sì máa mú kí ó dán yinrin láti ọ̀nà jíjìn. Ìtọ̀ wọn náà ńkọ́, inú ọkọ̀ ni kí ó wà.