Fíìmù Cream ní Royal Albert Hall: ẹ wá sọ bó ṣe bá yín

Àkànbí: Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ti wo fíìmù tí wọ́n ká sílẹ̀ nígbà tí Cream, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì nnì, tún padà jọ ṣeré ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù karùn-ún 2005, kó wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Alẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lù ú, inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti ṣa ti fíìmù.

Àṣàkẹ́: Ilé àbúrò bàbá mi ní Peckham ni mo ti wò ó. Òjò ò jẹ́ ká jáde, ni wọ́n bá yọ DVD rẹ̀ síta. Èmi tí wọ́n fi jùjú àti fújì tọ́ dàgbà, mo ti ń wá bí màá ṣe sọ pé oorun ń kùn mí.

Àgbàlagbà mẹ́ta ló jáde: Eric Clapton tó ti pé 60 ọdún lórí gìtá, Jack Bruce tó ń ta béèsì tó tún ń kọrin, Ginger Baker ẹni 65 nídìí ìlù. Inú gbọ̀ngàn yẹn náà ni wọ́n ti dágbére ní 1968. Yàtọ̀ sí orin mẹ́ta tí wọ́n jọ lù ní Amẹ́ríkà ní 1993, wọn ò tún jọ ṣeré ní gbangba mọ́ títí di 2005. Bruce àti Baker kì í kúkú gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún Bruce ní 2003, oríkèé ara sì ń yọ Baker lẹ́nu. Mo ní kí ni wọ́n tún fẹ́ lù?

Ìgbà tó kan Toad, orin tí Baker ti ń dá ìlù lù, ni ojú mi là. Àwọn méjì yòókù yẹra fún Baker. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìlù ńlá méjì, ọwọ́ ń sọ tirẹ̀ lókè. Kò sáré rárá. Á pe gbólóhùn kan, á tún un pè, á yí ìdí rẹ̀ padà díẹ̀, bí onídùńdún tó ń ki ẹni tó mọ baba rẹ̀. Ẹnu yà mí. Àbúrò bàbá mi bú sẹ́rìn-ín: “Ṣé o rò pé òyìnbó lásán nìyẹn? Ó gbé Èkó!”

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ Baker fún mi. Baker wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà wá sílé wa ní 1971. Ó bá Fela ṣe àwo lọ́dún yẹn. Ó ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1973, Paul McCartney tó wà nínú ẹgbẹ́ Beatles tẹ́lẹ̀ sì lọ ká orin kan níbẹ̀ lọ́dún náà. Àbúrò bàbá mi ò dákẹ́ títí orin mẹ́ta fi kọjá. Mo ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn.

Bàbá Onígìtá: Ẹ má bínú, èmi ò gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Clapton ìgbà 1968, gìtá Gibson ló ń ta, ohùn rẹ̀ ń ké, ó ń jó ni lára. Gìtá Fender ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ wá mọ́ tónítóní jù. Orin Stormy Monday nìkan ni mo fọwọ́ sí, ìyẹn dùn dé egungun. Àṣàkẹ́, tó bá jẹ́ Baker lo fẹ́, lọ wá ibi tí òun àti Tony Allen, onílù Fela, ti jọ lùlù ní Berlin ní 1978.

Àṣàkẹ́: Ẹ ṣé, bàbá, màá wá a. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí Stormy Monday. Ti Fender yẹn, rárá o.