Níbo ni 'paladin' ti lè já? Mo yí ohùn padà lórí 'ajẹ́jẹ̀ẹ́'

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe paladin ní Yorùbá, jagunjagun inú Dungeons & Dragons (eré ìtàn tí à ń fi ẹnu àti dáìsì ṣe, tí olùdarí kan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí olúkúlùkù sì ń ṣe ẹnì kan nínú rẹ̀), tó fi ara rẹ̀ jìn fún ire, tó ń gbé idà, tó ń gbọ́wọ́ lé aláìsàn kí ara rẹ̀ yá, tí kò sì gbọdọ̀ ṣe ibi. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ṣágámù ní jagunjagun mímọ́. Ẹlòmíràn ní odì, ìyẹn ìránṣẹ́ ààfin. Èmi ni mo mú ajẹ́jẹ̀ẹ́ wá, mo tiẹ̀ fọ́nnu pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ti inú kọ́ ẹ̀kọ́ jáde náà ni tèmi ṣe ti inú jẹ́ ẹ̀jẹ́ jáde. Mo ti kúrò níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yí mi lọ́kàn padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, a tẹ́ eré náà sílẹ̀ ní yàrá iwájú ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yorùbá la fi ń ṣe é. Òun ni paladin, èmi ni olùdarí. Mo gbé e dé ìlú kan tí Baálẹ̀ ti ṣòfin pé ọmọ ẹni tó bá jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ lọ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ méjì sá sórí àjà ilé tó wọ̀ sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kanlẹ̀kùn, wọ́n bi í pé, "Ṣé wọ́n wà níbí?" Bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí pé òun kò ní purọ́ láé.

Ó di dáìsì olójú ogún mọ́wọ́, kò jù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó purọ́ kíá, pé irọ́ tó gba ẹ̀mí là kì í ṣe irọ́. Ó ní, "Irọ́ ni, jàre." Ó wá kọjú sí mi: "Ọ́ńkù, tí mo bá purọ́, kí lẹ máa ní mo dà? Aláìmọ́ àbí kí ni?"

Ibẹ̀ ni jagunjagun mímọ́ ti kú lójú mi. Ohun tí kò mọ́, fífọ̀ ni à ń fọ̀ ọ́. Ìwé òfin eré náà tó jáde ní 1978 kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe fífọ̀: paladin tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, agbára rẹ̀ lọ títí ayé nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ètò nìkan ló rú, tí kò ṣe ibi, á lọ jẹ́wọ́ fún àlùfáà àgbà, á ṣètùtù. Nígbà tí paladin kọ́kọ́ yọjú ní 1975, ọdún kan lẹ́yìn tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde, ìhà mẹ́ta péré ni ìwà ẹni inú eré lè wà: ètò, rúdurùdu, àti àárín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n fi ire àti ibi kún un, tó wá di ìhà mẹ́sàn-án. Wọ́n ní dandan ni kí paladin wà níhà ètò, kó sì wà níhà ire. Bí òfin Baálẹ̀ àti ire ọmọ orí àjà kò bá wá bára wọn rìn ńkọ́? (Ẹ má sì jẹ́ ká pe ẹni ìhà ètò ní olófin o. Ọba là ń pè bẹ́ẹ̀.)

Odì wù mí, n kò purọ́. Orí òkè Palatium ní Róòmù, níbi tí ilé àwọn ọba ńlá wọn wà, ni orúkọ paladin ti ṣẹ̀ wá. Ará ààfin ni palatinus. Ó wá di orúkọ àwọn akọni méjìlá tí àwọn akọrin àtijọ́ fi yí Charlemagne, ọba ńlá kan ní Yúróòpù àtijọ́, ká. Ìránṣẹ́ ààfin Awùjalẹ̀ sì ni odì, ó bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Àmọ́ ohun tí Kábíyèsí bá wí ni odì ń ṣe. Ká ní odì ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò ní sí ìṣòro kankan, wọn ìbá ti kó àwọn ọmọ náà lọ.

Ó ku ajẹ́jẹ̀ẹ́ tèmi. Nínú ìtẹ̀jáde karùn-ún, ti 2014, wọn kò béèrè ìhà lọ́wọ́ paladin mọ́. Ìlérí ni: tó bá dàgbà nínú eré dé ipele kẹta, á yan èyí tí yóò dè é. Mo rò pé mo ti borí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá ẹ̀jẹ́ rìn. Sísan ni à ń san án. Ìyá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí mo bá yege ìdánwò, òun á fún ṣọ́ọ̀ṣì ní àga mẹ́wàá. Mo yege, àga dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó parí. Ti paladin kò ṣeé san tán. Ìbúra ńkọ́? Kóòtù ni etí mi ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ ni à ń mu, ilẹ̀ kan náà ni à ń dà. Ìwé olùdarí eré ti 2014 ní irú paladin kan tó ti já ìlérí rẹ̀, èyí kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: ọ̀dàlẹ̀ ni. Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ? Bí orúkọ ẹni tó ṣubú bá ti wà nílẹ̀, ẹni tí kò tíì ṣubú ni onímùlẹ̀. Òun ni mo dìbò fún.

Mo ti ń gbọ́ àwọn tó máa ní ó ń rùn ilédì, ilé ìpàdé ẹgbẹ́ awo Òṣùgbó. Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ Òṣùgbó ni ọ̀pọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti kọ́kọ́ gbọ́ ìmùlẹ̀. Wọ́n á tún ní ìmùlẹ̀ ní àṣírí, paladin kò sì ní ohun tó ń fi pamọ́. Èyí gún mi díẹ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ méjì lè mulẹ̀ láìwọ ẹgbẹ́ kankan. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó ní jíjá nínú bẹ́ẹ̀, kó mú un wá.

Ẹ yára o. Ọmọ yẹn kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Ó dákẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ojú rẹ̀, wọ́n gbé àkàbà. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan dáìsì lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ àfi tí mo bá kọ́kọ́ sọ fún òun bóyá òun ti dalẹ̀.