Ìmọ̀ràn: fọ́ǹtì àrà wo ló ṣeé fi kọ àkọlé ìkànnì tó ní Yorùbá nínú?

Ayàwòrán-ìkànnì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ìkànnì fún àfihàn iṣẹ́ ọnà: ojú-ewé mẹ́fà, àkọlé gbàgàdà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpínrọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ni iṣẹ́ ò fẹ́ fọ́ǹtì tí gbogbo ayé ń lò. Lẹ́tà tó ń yọ́, tó ń wú, tó ń yí padà ló wù ú. Fọ́ǹtì àrà wo lẹ lè júwe tí kò ní gba owó? Kí sì ni kí n ṣọ́, pàápàá lórí fóònù?

Onílẹ́tà

Ẹ kọ́kọ́ wo Climate Crisis. Ìwé ìròyìn Helsingin Sanomat ti ilẹ̀ Finland ló gbé e jáde, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Axis (ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè sún láti yí ìrísí lẹ́tà padà) kan ṣoṣo ló ní, YEAR, láti 1979 dé 2050. Ní 1979 lẹ́tà rẹ̀ ki pọ́pọ́. Bí ẹ ṣe ń sún ọdún síwájú ni ara rẹ̀ ń yọ́, bí yìnyín òkun Arctic ṣe ń yọ́. Fún àkọlé ọlọ́rọ̀ kan tàbí méjì, ó dáa gan-an. Ìgbà tó bá ti súnmọ́ 2050, àwòrán ni kí ẹ kà á sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ àwọ̀ ló wù ú, Nabla ń bẹ. Fọ́ǹtì COLRv1 (irú fọ́ǹtì tí àwọ̀ wà nínú lẹ́tà rẹ̀ fúnra rẹ̀) ni, lẹ́tà rẹ̀ dà bí ohun téèyàn lè gbá mú. Axis EDPT ló ń pinnu bó ṣe jìn tó, axis EHLT ló ń pinnu ìmọ́lẹ̀ etí rẹ̀. Nínú CSS (kóòdù tó ń pinnu ìrísí ìkànnì), ẹ lè fi `@font-palette-values` pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Kì í ṣe gbogbo browser ló mọ COLRv1, nítorí náà ẹ fi í sínú `@supports font-tech(color-COLRv1)`, kí ẹ sì yan fọ́ǹtì mìíràn fún àwọn tó kù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àrà mọ níwọ̀n, Bungee ni. Lẹ́tà orí pátákó ni David Jonathan Ross ní lọ́kàn nígbà tó ṣe é, ó ṣeé kọ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì ní Shade, Inline àti Outline tẹ́ ẹ lè tò lé ara wọn. Tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá sì ní ìyẹn ò tíì ya wèrè tó, ẹ lọ wo Velvetyne, àwọn ará Faransé tí wọ́n ń pín fọ́ǹtì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Le Murmure àti Basteleur.

Ẹ má fi ìkankan nínú wọn kọ ìpínrọ̀ o. Tí lẹ́tà bá ti kéré sí 24px, ihò inú e àti a á dí, ojú á sì máa ro ẹni tó ń kà á. Noto Sans tàbí Gentium Plus ni kí ẹ fi sí ìpínrọ̀, méjèèjì gbọ́ Yorùbá.

Olóhùn

Àmì ohùn ló máa ń tú àṣírí fọ́ǹtì àrà, Onílẹ́tà ò sì mẹ́nu bà á. Kí ọkàn yín tó fà sí fọ́ǹtì kankan, ẹ lẹ ìlà yìí mọ́ ibi ìdánwò rẹ̀:

`Ẹ̀ẹ́ Ọ̀ọ́ Ṣṣ ẸṢỌ́ ǹ ń ḿ m̀ ÀÁ ÌÍ ÙÚ`

À àti á ní nọ́ńbà Unicode (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà) tiwọn, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló sì ní wọn. Lẹ́tà ẹ́ ò ní. U+1EB9 ni ẹ, U+0301 ni àmì tó tẹ̀lé e, fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Ètò `mark` inú GPOS (apá fọ́ǹtì tó ń sọ ibi tí lẹ́tà àti àmì máa wà) ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì àrà kì í sábà dé ibẹ̀: wọ́n á ya A dé Z, wọ́n á fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i, ó tán.

Tí lẹ́tà ẹ tàbí ọ ò bá sí nínú fọ́ǹtì, browser á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Nínú ọ̀rọ̀ bí ỌLỌ́NÀ, L, N àti À á máa yọ́, Ọ méjèèjì á dúró gbọnin bí àlejò tí wọn ò pè. Tí lẹ́tà ẹ bá wà ńbẹ̀, tí àmì wà, àmọ́ tí `mark` ò sí, àmì ohùn á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ò ní rí i pé nǹkan bàjẹ́.

Lórí Google Fonts, orúkọ ìpín (ẹgbẹ́ lẹ́tà) tí fọ́ǹtì ní lè ṣì yín lọ́nà. Ṣ wà nínú `latin-ext`, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti àwọn àmì tó ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà wà nínú `vietnamese`. Fọ́ǹtì tó bá ní `latin-ext` nìkan, ẹ má fọkàn tán an.

Láti mọ̀ dájú, ẹ ṣí DevTools (irinṣẹ́ àyẹ̀wò ojú-ewé) lórí Chrome, ẹ tẹ àkọlé náà, ẹ lọ sí Computed, kí ẹ sì wo Rendered Fonts nísàlẹ̀. Tí orúkọ fọ́ǹtì méjì bá yọ níbẹ̀ fún àkọlé kan ṣoṣo, browser ti yá lẹ́tà nìyẹn.

Line-height (gíga ìlà kọ̀ọ̀kan) náà ń kọ́? Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe àkọlé lè fi sí 0.9 kó sì rẹwà. Tiwa ò gbà bẹ́ẹ̀: àmì abẹ́ Ọ ní ìlà kìíní á forí gbá àmì òkè Ẹ́ ní ìlà kejì. 1.2 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. `overflow: hidden` lórí àpótí àkọlé náà máa ń bẹ́ àmì òkè lórí, ẹ fi `padding-block: 0.15em` sí i.

Fáìlì-fúyẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwọ̀n fáìlì. Lẹ́tà tí etí rẹ̀ já jákujàku máa ń ní ojú-àmì rẹpẹtẹ nínú, ìyẹn ló ń mú kí irú Rubik Glitch wúwo ju Rubik lásán lọ. Ẹ gé ohun tẹ́ ẹ ò ní lò kúrò:

`pip install fonttools brotli`

`pyftsubset ara.ttf --unicodes="U+0020-007E,U+00C0-00FF,U+0143-0144,U+01F8-01F9,U+0300-0301,U+0304,U+0323,U+1E3E-1E3F,U+1E62-1E63,U+1EB8-1EB9,U+1ECC-1ECD,U+2018-201D" --layout-features="*" --flavor=woff2 --output-file=ara.woff2`

Ẹ má yọ `--layout-features="*"` kúrò. Tí kò bá sí níbẹ̀, `mark` á dúró, àmọ́ ss01, ss02 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn (ìrísí mìíràn tí lẹ́tà kan lè ní) á bá gígé lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àrà ń kó àrà rẹ̀ sí.

Lẹ́yìn náà, nínú head (apá òkè kóòdù ojú-ewé):

`<link rel="preload" href="ara.woff2" as="font" type="font/woff2" crossorigin>`

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé `crossorigin`, browser á gba fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kódà bó jẹ́ orí ìkànnì yín ló wà.

`font-display: swap` (fi fọ́ǹtì mìíràn hàn ná, kó o pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ti àrà bá dé) ni màá fi sí àkọlé. `optional` ń fún fọ́ǹtì ní nǹkan bí 100ms péré, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ń fà lè má rí àrà náà rárá nígbà tó kọ́kọ́ wọlé. Ìṣòro `swap` ni pé ojú-ewé á fò nígbà tí fọ́ǹtì bá dé, torí pé fọ́ǹtì àrà sábà máa ń fẹ̀. Ẹ wọn fífẹ̀ àkọlé kan náà nínú méjèèjì. Ká ní ó jẹ́ 590px nínú fọ́ǹtì àrà àti 500px nínú Arial, 590 pín sí 500 jẹ́ 1.18:

`@font-face { font-family: "Aropo"; src: local("Arial"), local("Roboto"); size-adjust: 118%; }`

Kí ẹ wá kọ `font-family: "Ara", "Aropo", sans-serif`. Roboto tó wà lórí Android ò fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú Arial, nítorí náà kò ní ṣe rẹ́gí níbẹ̀, àmọ́ fífò náà á dínkù. Ẹ jẹ́ kí CLS (ìwọ̀n bí ojú-ewé ṣe ń fò) má kọjá 0.1.

SVG-ló-kù

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Àkọlé mẹ́fà péré ni. Ẹ kọ wọ́n nínú Inkscape (ètò ìyàwòrán), ẹ sọ wọ́n di path (ìlà àwòrán), ẹ tún àmì ohùn tò pẹ̀lú ọwọ́, ẹ gbé SVG (fáìlì àwòrán oníìlà) síbẹ̀. Kò sí fọ́ǹtì láti gbà, kò sí àmì tó máa yẹ̀.

Onílẹ́tà

Fún àmì ìdánimọ̀ tí kò ní yí padà, mo gbà. Fún àkọlé, rárá. SVG ò ní pín sí ìlà méjì fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Á kàn súnkì ni, títí lẹ́tà á fi di eèrà. Èèyàn ò lè dà á kọ, ẹni tó bá sì ń fi ẹ̀rọ akàwé gbọ́ ojú-ewé ò ní gbọ́ nǹkan kan àfi tẹ́ ẹ bá fi `role="img"` àti `aria-label` sí i. Tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ kan padà lọ́la, ẹ tún di Inkscape mú.

SVG-ló-kù

Ti ìlà méjì yẹn, ẹ rí mi mú. Ṣùgbọ́n fún fọ́ǹtì tí kò ní `mark`, mi ò tíì rí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ.

Ayàwòrán-ìkànnì

Ẹ ṣeun gan-an. Climate Crisis ló wu ẹni tó ni iṣẹ́. Ó ní kí lẹ́tà máa yọ́ tí wọ́n bá gbé mouse lé e. Ṣé ó ṣeé ṣe kí fóònù má bàa jókòó sílẹ̀? Ó tún fẹ́ kí àkọlé kan jẹ́ ìlà etí nìkan, kí inú rẹ̀ ṣófo.

Fáìlì-fúyẹ́

Ó ṣeé ṣe. `transition: font-variation-settings 400ms`, kí ẹ sì kọ YEAR sí ipò méjèèjì, nítorí tí axis bá sọnù níbì kan, lẹ́tà á kàn fò ni, kò ní yọ́. Tẹ́ ẹ bá lo fọ́ǹtì tí axis rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ rántí pé `font-variation-settings` tuntun ń pa gbogbo ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ fi axis kọ̀ọ̀kan sínú `--orúkọ` tirẹ̀, kí ẹ máa yí ìyẹn nìkan padà.

Fóònù ò ní hover (gbígbé mouse lé nǹkan), ẹ so ó mọ́ IntersectionObserver (ohun tó ń jẹ́ kí kóòdù mọ ìgbà tí nǹkan wọ ojú) kó yọ́ lẹ́ẹ̀kan tí àkọlé bá wọ ojú-ìwòye, kó sì dúró. Ẹ má so ó mọ́ scroll: gbogbo ìṣípò ni browser á máa tún lẹ́tà yà, fóònù tí agbára rẹ̀ kéré á sì máa kọsẹ̀. Tí axis bá ń yí fífẹ̀ lẹ́tà padà, ọ̀rọ̀ tó kù lójú ìlà náà á máa sún kiri. Ẹ fún àpótí àkọlé ní fífẹ̀ tí kò yí padà. Kí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú `@media (prefers-reduced-motion: no-preference)`, nítorí àwọn tó ti ní kí nǹkan má máa mì lójú ẹ̀rọ wọn.

Ti ìlà etí: nínú fọ́ǹtì variable (fọ́ǹtì tó ní axis), apá lẹ́tà máa ń gun ara wọn, `-webkit-text-stroke` á sì fi ibi tí wọ́n ti pàdé hàn bí àpá. Ẹ má fi `transparent` sínú lẹ́tà. Àwọ̀ ẹ̀yìn ojú-ewé ni kí ẹ fi kún un, kí ẹ sì fi `paint-order: stroke fill`, àwọ̀ inú á bo àpá náà. Ìdajì ìlà ló máa ṣẹ́kù lójú, nítorí náà tó bá jẹ́ 2px lẹ fẹ́, ẹ kọ 4px.

Olóhùn

Tí ìlà ìdánwò bá fi hàn pé ẹ́ àti ọ̀ ò jókòó dáadáa, láísẹ́ǹsì OFL (Open Font License, ti fọ́ǹtì ọ̀fẹ́) fún yín láyè láti tún un ṣe. Nínú FontForge (ètò tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì), ẹ fi reference (ẹ̀dà tó so mọ́ ti àkọ́kọ́) e àti àmì abẹ́ kọ lẹ́tà ẹ, ẹ fi anchor (ojú ibi tí àmì máa lẹ̀ mọ́) kan sórí lẹ́tà ẹ, ẹ fi irú rẹ̀ sí U+0300 àti U+0301, bẹ́ẹ̀ náà fún ọ, Ẹ, Ọ àti m. Tí ẹni tó ni fọ́ǹtì bá kọ Reserved Font Name (orúkọ tí ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ lò) sínú láísẹ́ǹsì, ẹ gbọ́dọ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà kí ẹ tó gbé e sórí ìkànnì. Pípa tí pyftsubset pa lẹ́tà kan rẹ́ náà jẹ́ àtúnṣe, nítorí náà ẹ wo òkè OFL.txt kí ẹ tó gé e.