Wọ́n ní kí n wá ṣe iṣẹ́ omi nínú ológun Amẹ́ríkà: ṣé kí n gbà?

Àdùkẹ́, Houston: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní green card, mo sì ti ṣe ASVAB, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe láti wọ Army. Recruiter, ẹni tó ń gba èèyàn sí ológun, ní iṣẹ́ 92W ló ṣí sílẹ̀ fún mi, àwọn tó ń sọ omi di mímu fún àwọn sójà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀. Màmá mi ní Abẹ́òkúta ń bi mí pé ṣé omi ni mo wá pọn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè bọ́ mi lẹ́yìn tí mo bá kúrò nínú ológun?

Ẹ̀gbọ́n Sójà: Àbúrò, iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá ti parí basic training, Fort Lee ní Virginia lẹ ó ti kọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TWPS máa ń fa omi odò tàbí omi òkun, á kọ́kọ́ sẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù á fi agbára tì í gba inú mẹmbréènì, awọ tín-ín-rín tó ń sẹ́ omi, kí iyọ̀ àti kòkòrò lè ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ó lè ṣe gálọ́ọ̀nù 1,500 ní wákàtí kan láti inú odò, 1,200 láti inú òkun.

Ojú ló ń ṣiṣẹ́ yìí ju apá lọ. Wákàtí-wákàtí lo máa ka géèjì tó ń wọn agbára omi, tí wàá sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lóru tí odò dàrú, àsẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí: géèjì tó wà níbi tí omi ti ń wọlé á máa gòkè, ti ibi tó ń gbà jáde á máa wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni kó o pààrọ̀ rẹ̀, má dúró kí ẹ̀rọ kú. Chlorine ńkọ́? Wọ ìbọ̀wọ́ àti gọ́gù. Òun ni kó o máa bù sínú omi, má bu omi lé e lórí láéláé.

Ìyá Ìbejì, Maryland: Ọmọ mi, ohun tí recruiter bá fẹnu sọ ò tíì dájú. Rí i pé 92W àti owó bonus, tó bá wà, wọnú ìwé àdéhùn kó o tó búra. Tètè béèrè fún ìwé N-426, èyí tí ológun fi ń jẹ́rìí pé o ń ṣiṣẹ́ fún wọn, torí ìwé ọmọ onílùú. GI Bill, owó ilé ìwé tí ìjọba ń fún àwọn tó ṣe ológun, ṣì lè rán ọ lọ kọ́ nọ́ọ̀sì. Sọ fún màmá rẹ pé nígbà tí ilẹ̀ mì ní Haiti ní 2010, omi mímu wà lára ohun tí ọkọ̀ ogun USS Carl Vinson gbé lọ fún àwọn ará ìlú. Kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè fojú di rárá.

Oníṣẹ́ Omi, Dallas: Ilé iṣẹ́ omi ìlú ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi níbí kì í lo mẹmbréènì. Álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mú kí ẹrẹ̀ wálẹ̀ sísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń jù sínú kòkò omi, kí wọ́n tó fi yanrìn sẹ́ ẹ. Kọ́ ìyẹn náà mọ́ ọn. Ní Texas, TCEQ, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ náà, ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, láti D tó kéré jù dé A tó ga jù, kò sì sẹ́ni tó máa gbé e fún ọ torí pé o wọ khaki. Ìdánwò ni. Wádìí lọ́dọ̀ Army COOL, ètò Army tó ń ran sójà lọ́wọ́ láti gba láísẹ́ǹsì iṣẹ́, wọ́n máa ń sanwó irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kó o ṣe é kó o tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tọ́jú gbogbo sátífíkéètì rẹ.

Àdùkẹ́, Houston: Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n, ṣé agbára obìnrin ká àwọn ẹrù náà?

Ẹ̀gbọ́n Sójà: Ó ká a. Àwọn obìnrin tí a jọ ṣiṣẹ́ mọ ẹ̀rọ yẹn ju èmi lọ. Họ́ọ̀sì tí omi wà nínú rẹ̀ ló wúwo jù. Ẹ fa omi inú rẹ̀ dànù ná, kí ẹ̀yin méjì tó gbé e.