Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Printer kì í dúró lójú kan nínú QuickBooks lórí Remote Desktop

Akọ̀wé Owó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. QuickBooks Enterprise, ètò ìṣirò owó, là ń lò, orí server (kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò) Windows Server 2019 kan ní Ìbàdàn ló wà. Èèyàn mẹ́fà ló ń fi Remote Desktop, tó ń jẹ́ kéèyàn lo kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, wọ ibẹ̀: mẹ́ta nínú ọ́fíìsì Ìbàdàn fúnra rẹ̀, méjì ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan ní Òṣogbo. Router onísíìmù ni ẹ̀ka méjèèjì fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Printer tí a bá yàn fún invoice lónìí, tó bá di ọ̀la, QuickBooks á ní òun ò rí i. Ìgbà míì, invoice tí wọ́n tẹ̀ ní Abẹ́òkúta á lọ jáde ní Òṣogbo. Ní Òṣogbo yìí kan náà, printer rìsíìtì oníbébà 80 mm ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gé bébà. Tí a bá pa server tí a tún un tàn, ó máa ń gbà fún ìgbà díẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ọ̀gá Server

Ẹ kú làálàá. Ẹ wo orúkọ printer náà dáadáa lórí server. Ẹ máa rí "redirected 3" tàbí irú ẹ̀ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀; redirected ni printer kọ̀ǹpútà yín tí Remote Desktop gbé wá sórí server. Nọ́ńbà session (ìwọlé) ẹni tó wọlé nìyẹn. Tó bá ṣe Sign out, tó padà dé lọ́jọ́ kejì, Windows lè fún un ní 5 tàbí 8, orúkọ printer á sì yí padà. QuickBooks ní tirẹ̀ ti kọ orúkọ àná pamọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. 3 ló ń wá, 5 ló wà nílẹ̀. Tí ẹ bá tún server tàn, ìkà nọ́ńbà á padà sísàlẹ̀, ó sì lè ṣe kòńgẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn lẹ fi rò pé ó ti gbà.

Fáìlì tó ń kọ ọ́ sí ni QBPrint.qbp, nínú C:\ProgramData\Intuit, lábẹ́ fódà QuickBooks tó ní ọdún ẹ̀dà yín lórúkọ. ProgramData máa ń fara pamọ́; ẹ fọwọ́ ara yín tẹ orúkọ rẹ̀ síbi àdírẹ́sì. Fáìlì kan ṣoṣo yìí lẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ń lò o. Ẹni tó bá yan printer kẹ́yìn, tirẹ̀ ló máa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé kì í ṣe pé administrator ni gbogbo yín lórí server yẹn?

Akọ̀wé Owó

Administrator ni gbogbo wa, sà. Ẹni tó bá wa tò ó ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Server

Ibẹ̀ ni invoice ń gbà dé Òṣogbo. Ẹni tí kì í ṣe administrator, printer session tirẹ̀ nìkan ló ń rí nínú àwọn redirected. Administrator ń rí ti gbogbo èèyàn. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú Administrators lónìí, kí ẹ fi wọ́n sínú Remote Desktop Users. Ká tiẹ̀ fi ti printer sílẹ̀, pásíwọ̀dù ẹnì kan ṣoṣo tó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, gbogbo ìwé owó yín ló bá a lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí gpedit.msc, níbi tí àwọn policy (òfin ìlò) Windows wà: Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, Remote Desktop Services, Remote Desktop Session Host, Printer Redirection. Ẹ tan "Redirect only the default client printer" àti "Use Remote Desktop Easy Print printer driver first"; Easy Print ló ń jẹ́ kí server lo driver (ètò tó ń darí printer) tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ṣe gpupdate /force, kí gbogbo yín jáde, kí ẹ tún wọlé. Fax, OneNote, XPS àti àwọn jàǹkárìwọ̀ tó ń tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wọlé ò ní wá mọ́, ìwọlé á sì yá sí i. Lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ pa "Let Windows manage my default printer". Tó bá wà ní títàn, printer tí wọ́n lò gbẹ̀yìn ni Windows máa sọ di default, òun náà ló sì máa tẹ̀ lé wọn lọ sórí server.

Bọ̀dá Nẹ́tíwọ̀kì

Èmi ò fara mọ́ redirect rárá. Ẹ ṣe VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ẹ̀ka méjèèjì wá sí Ìbàdàn. Kí router ẹ̀ka ló máa pe Ìbàdàn o, torí IP (àdírẹ́sì nẹ́tíwọ̀kì) onísíìmù kì í sábà ṣeé pè láti ìta. Ẹ fún printer kọ̀ọ̀kan ní IP tí kì í yí, kí ẹ wá fi Standard TCP/IP Port, 9100, fi í sórí server nínú printmanagement.msc. Ẹ sọ wọ́n ní INV-ABK àti INV-OSG. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tán nìyẹn. Administrator ni kó fi driver sí i. Láti August 2011... ẹ má bínú, 2021 ni mo fẹ́ kọ, Windows kì í gbà fún ẹlòmíì mọ́ nítorí PrintNightmare, àlébù ààbò kan nínú ètò títẹ̀ Windows.

Ọ̀gá Server

Bọ̀dá, orúkọ á dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n QBPrint.qbp ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Tí Abẹ́òkúta bá yan INV-ABK, òun ni Òṣogbo máa bá níbẹ̀. Àfi kí wọ́n máa yẹ orúkọ wò nínú fèrèsé Print kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò sì ṣeé gbára lé lọ́jọ́ tí oníbàárà bá pọ̀.

Ohun tó bá irú fáìlì yẹn mu ni printer tó ní orúkọ kan náà fún gbogbo èèyàn, tó sì ń gbé iṣẹ́ lọ sí kọ̀ǹpútà ẹni tó tẹ̀ ẹ́. TSPrint ń ṣe bẹ́ẹ̀. Apá kan á wà lórí server, apá kejì lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ó ń ná owó, àmọ́ fún ẹ̀ka méjì, mo rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti fi í sí i:

Kí gbogbo èèyàn ti QuickBooks. Ẹ kọ ìtò ojú ìwé invoice yín sílẹ̀, torí ó máa parẹ́. Ẹ yí orúkọ QBPrint.qbp padà sí QBPrint.qbp.old. Ẹ ṣí QuickBooks, ẹ lọ sí File, Printer Setup, kí ẹ yan printer tuntun náà fún Invoice, Sales Receipt àti Report lọ́kọ̀ọ̀kan. Yíyan ọ̀kan kì í ran èkejì. Bébà A4 ni kí ẹ yàn, 210 × 297 mm. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, Letter ló máa mú, 216 × 279, ìsàlẹ̀ invoice á sì bọ́ sí ojú ìwé kejì.

Àǹtí Rìsíìtì

Ti bébà tí kì í gé: tó bá jẹ́ Easy Print lẹ ń lò, driver kọ̀ǹpútà Òṣogbo ló ń tẹ iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ti server. Níbẹ̀, nínú Printing Preferences ti printer náà, ni kí ẹ ti sọ pé kó gé bébà níparí ìwé. Kí ẹ tún ṣe àwòṣe Sales Receipt ọ̀tọ̀ fún un, kí fífẹ̀ ohun tó wà lórí rẹ̀ má ju 72 mm lọ. Ohun tí orí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lórí bébà 80 mm nìyẹn.

Ẹ má fi driver Generic / Text Only sí i o. Àṣẹ ESC/POS, èdè tí printer rìsíìtì ń gbọ́, kì í la Easy Print kọjá. Ètò tó bá ń fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ tààrà, àfi kí ẹ pa policy Easy Print yẹn, kí ẹ sì fi driver kan náà, orúkọ kan náà lẹ́tà sí lẹ́tà, sórí server.

Akọ̀wé Owó

Ẹ ṣeun gan-an. Tí iṣẹ́ bá há sórí server ńkọ́? Ṣé ká tún un tàn ni?

Ọ̀gá Server

Rárá. Ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ títẹ̀ dúró, torí ohun tó wà lórí ìlà gbogbo èèyàn ló máa lọ. Pẹ̀lú Command Prompt administrator: net stop spooler (spooler ló ń to iṣẹ́ títẹ̀ sórí ìlà). Ẹ pa àwọn fáìlì inú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS rẹ́, àwọn fáìlì nìkan, kì í ṣe fódà. Lẹ́yìn náà, net start spooler.

Tí printer redirected kankan ò bá padà, ẹ lọ sí services.msc, ẹ tún "Remote Desktop Services UserMode Port Redirector" bẹ̀rẹ̀, kí ẹni náà gé ìsopọ̀ rẹ̀, kó tún un so. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ wo fáìlì .rdp tó fi ń wọlé nínú Notepad: redirectprinters:i:1 ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe 0.