Joromi wo ni? Ẹ bá mi dá àwọn orin tí àkọlé wọn jọra mọ̀

ÀbúròDíjéè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá ìyàwó mi ń ṣe ọjọ́ ìbí lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni wọ́n ní kí n to orin. "Joromi" ni wọ́n kọ sókè pátápátá. Mo wá a lórí fóònù, Simi ló jáde. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, kì í ṣe èyí. Ti onígìtá ni." Wọ́n tún kọ "Olólùfẹ́" sísàlẹ̀, wọn ò dárúkọ olórin. Ta ni onígìtá yẹn? Olólùfẹ́ ti ta sì ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí níwájú àwọn àna mi.

OníàwoMọ́kọ́lá: Àbúrò, Victor Uwaifo ará Bìní ni màmá ń sọ, òun àti Melody Maestros. Orin sáà 1960 ni, èdè Ẹ̀dó ló fi kọ ọ́. Joromi jẹ́ ajìjàkadì inú ìtàn wọn. Òun ló gba àwo wúrà fún un lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Philips. Ti Simi jáde ní 2017 nínú Simisola, orin ìfẹ́ ni. Mo fẹ́ràn méjèèjì gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ gìtá Uwaifo nígbà èwe rẹ̀, kò sóhun tó lè rọ́pò rẹ̀ fún un.

Olólùfẹ́ le díẹ̀. Wande Coal ní tirẹ̀ (2009), Flavour àti Chidinma náà ní tiwọn (2014). Ní kí màmá kọ ìlà kan fún ọ lórí fóònù.

Àwo jùjú ni wàhálà wà jù. Lójú kan àwo, Sunny Adé tàbí Obey lè so orin mẹ́rin-márùn-ún pọ̀, ìlù ò ní dá. Àkọlé ara páálí lè jẹ́ ti ẹyọ kan, káwọn èèyàn sì máa fi òmíràn pè é. Àwo tí Obey ṣe ní 1973, The Horse, the Man and His Son ni wọ́n kọ sí i lára. Wọlé ọjà kó o pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn máa wò ẹ́. Sọ pé "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́", kíá ni wọ́n á fà á yọ. Ti Sunny náà, Synchro System Movement ti sáà 1970 yàtọ̀ sí Synchro System ti 1983. Nọ́ńbà tó wà láàárín àwo ni mo máa ń kà kí n tó sanwó.

ỌmọPeckham: Ẹ̀gbọ́n Oníàwo, ẹ ṣé gan-an. Ní London níbí, bí mo bá béèrè orin "Zombie", ti Cranberries, ẹgbẹ́ olórin ará Ireland, ni wọ́n ń fi sí i. Dolores O'Riordan, akọrin wọn, kọ ọ́ lẹ́yìn tí bọ́ǹbù IRA, ẹgbẹ́ ológun abẹ́lẹ̀ Ireland, pa ọmọkùnrin méjì ní Warrington nílẹ̀ England ní 1993. Orin ọ̀fọ̀ ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Fẹlá ti kọ Zombie tirẹ̀ bá àwọn sójà wí ní sáà 1970. Ní oṣù Kejì 1977, àwọn sójà ya bo Kalakuta, ilé Fẹlá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n ju màmá Fẹlá látojú fèrèsé. 1978 ni màmá náà, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, kú. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí mọ ti Warrington, wọn ò mọ ti màmá yìí.

ÀbúròDíjéè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màmá ti kọ ọ́, Wande Coal ni! Ṣé òfin ò de kéèyàn mú àkọlé olórin mìíràn ni?

OníàwoMọ́kọ́lá: Rárá. Ọ̀rọ̀ orin àti ohùn rẹ̀ lòfin ń dáàbò bò, kì í ṣe àkọlé lásán. Ta ló fẹ́ sọ pé òun nìkan ló ni "olólùfẹ́"? Kọ orúkọ olórin àti ọdún síwájú orin kọ̀ọ̀kan kó o tó fún díjéè. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, fi sí ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ìtàn ni, ó yẹ kí wọ́n jókòó gbọ́ ọ.